Àga Méjì, Tábìlì Kan

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń kí Òǹkàwé káàárọ̀ níbi iṣẹ́ kì í ṣe ènìyàn, òórùn ni. Yàrá wọn wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, fèrèsé kan ṣoṣo tó ní ni ọ̀dà sì ti lẹ̀ pa látìgbà tí wọ́n ti kun ilé náà. Òórùn yíǹkì wà níbẹ̀, ti bébà ògbólógbòó wà níbẹ̀, ti ẹyin sísè borí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ti ẹyin, òmíràn tún wà tí kò lórúkọ, bí aṣọ tútù tí a gbàgbé sínú korobá. Láràárọ̀, Òǹkàwé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbàdúrà kúkúrú, á sé èémí bí ẹni tó fẹ́ rì sínú odò, á wọlé.

Iṣẹ́ wọn kò le láti ṣàlàyé. Òǹkàwé á mú ìwé tí òǹkọ̀wé mú wá, á máa kà á sókè. Ẹnì kejì rẹ̀ tó jókòó kọjú sí i á mú èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, á máa fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé ohùn rẹ̀. Níbi tí ohùn àti ìwé kò bá ti bára mu, pẹ́ńsù á sàmì. Bí màlúù méjì lábẹ́ àjàgà kan ni wọ́n rí: bí ọ̀kan bá dìde, iṣẹ́ èkejì dúró. Nítorí náà ni wọn kì í fi í dìde. Òǹkàwé máa ń sáré lọ tọ̀ lọ́sàn-án, ó tán. Ní ti ẹnì kejì, kò tilẹ̀ rí i kó dìde rí. Òun ló ń kọ́kọ́ dé, òun ló ń gbẹ̀yìn lọ.

Bàbá Ẹlẹ́yin ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Ó sanra, ó nírùngbọ̀n, ẹyin sísè kì í sì í wọ́n nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Á gbá ẹyin mọ́ etí tábìlì, èèpo á fọ́n sórí ìwé, á fi ìka tó fi bó ẹyin náà ṣíwé, á tún lá ìka ọ̀hún kó tó ṣí òmíràn. Òǹkàwé jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kí òun kórìíra ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ìka yẹn bá ti wọ ẹnu, á yíjú sí ògiri.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ìyàwó Òǹkàwé ń bá a tú okùn bàtà, tó fi àtàǹpàkò tẹ kókósẹ̀ rẹ̀. Ìka kúrò, ihò dúró. Àwọn méjèèjì jọ ń wo ihò náà bí ẹni wo ìyẹ̀fun tí wọ́n pò.

"Olówó orí mi, ẹsẹ̀ yín ti di búrẹ́dì."

"Bàtà ló há."

"Bàtà tí ẹ ti ń wọ̀ látọdún tó kọjá? Ṣé òun náà ló ń dàgbà ni? Ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ihò lọ́tùn-ún, ihò lósì. Òǹkàwé gbójú kúrò. Ara rẹ̀ alára ń rí i lára.

"Bàbá, irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mo ń kàwé."

"Lórí ìjókòó?"

"Ta ló ń kàwé lórí ìdúró?"

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ tó bá jókòó pẹ́, á dì. Tó bá dì nínú ẹsẹ̀, ó lè gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mo mọ ẹnì kan tó dìde lórí àga iṣẹ́, tí kò débi ilẹ̀kùn. Ẹ máa dìde rìn láàárín iṣẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: láàárín iṣẹ́ ni mo wí."

Ẹ̀rù bà á. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ká rìn dé ẹ̀yìnkùlé, ká padà."

"Ta ló sọnù síbẹ̀?"

"Nítorí ara ni. Ẹsẹ̀ mi ń wú, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ihò á dúró."

"Ara tèmi ò bẹ̀ mí." Bàbá Ẹlẹ́yin bu iyọ̀ sórí ẹyin. "Àbúrò, ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọni lọ́lẹ. Èmi, ìdí náà gan-an ni mo fi ń ṣe tèmi. Ó yá, máa kà."

Pupa ẹyin kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn ní irùngbọ̀n. Òǹkàwé ń wò ó bó ṣe ń fò sókè sódò. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé kí Olúwa dárí ji òun, òun ò fẹ́ràn ọkùnrin yìí rárá.

Bí iṣẹ́ kò ti yọ̀ǹda àyè fún un, ó jí i lára oorun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní ìdájí, kí àwọn agbálẹ̀ tó jáde. Kò sí ohun tó dùn níbẹ̀. Òórùn gọ́tà ló ń gbé mì, itọ́ ń gan lẹ́nu rẹ̀, ikùn rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn bí omi inú korobá. Lójú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó rí ọkùnrin kan tó ń làágùn, tó yanu, tó ń mí bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Ó ṣe ṣìọ̀, ó ní irú ọ̀bùn wo nìyí. Ìgbà tí ọkùnrin náà ṣe ṣìọ̀ padà ló tó mọ̀ pé òun ni.

Tó bá sì dé ìdí iṣẹ́, ó di orí àga títí ilẹ̀ fi ṣú, ojú rẹ̀ á máa pa dé. Ìdajì ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ló gbọ́. Ìdajì tó kù ló pa á lára.

Ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ló wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, ìwé nípa ẹ̀yà ara ènìyàn. Ẹ̀rọ máa ń tẹ ẹ̀dà méjì wá fún wọn láti yẹ̀ wò, ọ̀kan fún pẹ́ńsù, ọ̀kan fún ìpamọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oorun ń kùn ún, Òǹkàwé na ọwọ́ sí ìwé òǹkọ̀wé, ẹ̀dà ìpamọ́ ló mú. Ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ ló ń kà, ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ náà ni pẹ́ńsù ń tẹ̀ lé, bí ẹni tó bi dígí léèrè bóyá òun lẹ́wà. Ó kà títí ó fi parí, kò sí àmì kan ṣoṣo.

"Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí," ni Bàbá Ẹlẹ́yin wí, ó sì fi ẹyin mìíràn ṣe àjọyọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí Òǹkàwé ń palẹ̀ mọ́ ló rí ìwé òǹkọ̀wé ní ibi tó fi sí lánàá, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n tún un kà. Ó tún mọ̀ pé ìyẹn tún jẹ́ odidi ọjọ́ kan lórí àga, lójúkojú irùngbọ̀n yẹn. Ó dákẹ́.

Wọ́n ti tẹ ìwé náà, wọ́n ti dì í tán, kí olùkọ́ kan tó gbé e wá bá ọ̀gá. Láti orí ẹ̀dọ̀fóró, ìwé náà fò sórí ẹ̀dọ̀. Ọkàn kò sí níbẹ̀.

Ọ̀gá wọ yàrá wọn. Ó pẹ́ tó ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Ó fi ìka méjì gbé èèpo ẹyin kan sókè, ó wò ó, ó jù ú sílẹ̀.

"Inú ibí lẹ ti ń mí?" Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ògiri. "Ẹni méjì jókòó ti ìwé kan, ẹ ò mọ̀ pé kò lọ́kàn. Ọ̀kan nínú yín á lọ sílé. Tí mo bá jẹun tán, ẹ sọ ẹni tó jẹ́ fún mi."

Ó lọ. Bàbá Ẹlẹ́yin gbá ẹyin kan mọ́ etí tábìlì. Òǹkàwé ń wo ìka ẹlẹ́yin náà lórí tábìlì, èrò burúkú kan sì wọlé tọ̀ ọ́: bí òun bá panu mọ́, àgbà ni wọn yóò kọ́kọ́ lé, òórùn á bá a lọ, wọn á fún òun ní ẹnì kejì tó ń wẹ̀, tó ń dìde. Ẹsẹ̀ òun á là. Èrò náà dùn, dídùn rẹ̀ sì kó o nírìíra ju ẹyin lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde ká bọ́ síta, ká jọ sọ̀rọ̀."

"Mi ò lè dìde."

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọjọ́ àwàdà."

"Wo abẹ́ tábìlì."

Òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ wò. Bàbá Ẹlẹ́yin ti ká ṣòkòtò sókè. Àkísà ló wé mọ́ ẹsẹ̀ náà. Ó ti rin ṣìnkìn. Níbi tí ó ti tú, egbò kan lanu, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, etí rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin, ó ń ṣomi. Òórùn tí kò lórúkọ náà dìde bá a.

"Látìgbà wo?"

"Kí o tó débí. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi tìrẹ. Mo tẹ̀ ẹ́, ihò dúró." Ohùn ọkùnrin náà wálẹ̀. "Tí mo bá ń rìn níṣojú wọn, wọ́n á rí i, wọ́n á ní kí n máa lọ. Ẹyin yìí, ọ̀fun mi ti kọ̀ ọ́ tipẹ́. Òórùn rẹ̀ ló ń bá mi bo èyí."

Òǹkàwé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín èèpo. Gbogbo ọjọ́ tó ti ń ṣépè fún ẹyin nínú ọkàn rẹ̀ wá bá a níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá padà dé, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi ni, sà. Èmi ni mo mú ẹ̀dà tí kò yẹ, mo sì mọ̀, mo dákẹ́. Oorun ń kùn mí. Ìdájí ni mo ti ń sáré, nítorí pé níbí a kì í dìde." Ó gbé ẹsẹ̀ lé àga, ó tẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kí ọ̀gá wo ihò náà dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi tiyín hàn wọ́n."

Bàbá Ẹlẹ́yin kọ́kọ́ mi orí. Lẹ́yìn náà ó sún àga sẹ́yìn.

Ọ̀gá fi áńkáṣíìfù bo imú. "Ẹ gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn báyìí. Àga rẹ̀ ń dúró dè é." Ó kọjú sí Òǹkàwé. "Ìwọ, mi ò lé ọ. Ojú ewé tó sọnù, ìwọ lo máa fi ọwọ́ ara rẹ mú un wọ inú ìwé kọ̀ọ̀kan, títí á fi tán."

Yàrá ìdìwé ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n to ìwé yí tábìlì gígùn kan ká, kò sí àga níbẹ̀. Rírìn ni ènìyàn ń rìn yí i po, kí ọkàn bọ eléyìí, kí ọkàn bọ tọ̀hún. Ó bú iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kìíní. Kí iṣẹ́ náà tó parí, ìyàwó rẹ̀ tẹ kókósẹ̀ rẹ̀, ihò náà kún padà kó tó mú ìka kúrò tán.

Nígbà tí Bàbá Ẹlẹ́yin dé pẹ̀lú báńdéèjì funfun àti ọ̀pá, Òǹkàwé ti gé ọ̀dà fèrèsé, ó ti ṣí i, ó sì ti to páálí bébà ga bí ibi ìwàásù. Ìdúró ló fi ń kàwé báyìí. Tí wọ́n bá sì parí ìpín kan, á pa ìwé dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìnkùlé."

"O ti tún dé. Ta ló sọnù síbẹ̀?"

"Àwa méjèèjì."

Àgbà náà á kùn, á gbé apá lé e léjìká, wọ́n á máa wọ́ lọ. Egbò náà ò tíì jinná. Oògùn àti ọyún ń rùn pọ̀, ó sì ń kó Òǹkàwé nírìíra síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í sé èémí mọ́. Bí ó ti burú tó, á fà á símú, á gbé ẹsẹ̀, á dúró kí ẹnì kejì gbé tirẹ̀.