Yàrá Tí Adájọ́ Fẹnu Ara Rẹ̀ Gbà

Aránṣọ kan wà tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ obìnrin débi pé, bí wọ́n bá béèrè orúkọ ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni yóò dáhùn. Ọmọ náà ò kúkú yadi. Adájọ́ ni wọ́n ń pè é nílé láti kékeré, torí kò sí ìjà tí wọ́n jà níwájú rẹ̀ tí kò ní bá wọn dá ẹjọ́ rẹ̀. Àìsàn ló mú ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún rọ nígbà tó ṣì ń rá, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Ẹ̀gbọ́n wá gbà pé bí ẹsẹ̀ kan ò bá ṣiṣẹ́ tó, ó yẹ kí òun fi ẹnu bá a ṣe ìyókù. Ta ni yóò bá a wí? Ìfẹ́ ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan nítòsí ilé ni Adájọ́ ti lo ọdún kan. Wọn ò kọ́ni ní ìmọ̀ òfin níbẹ̀, ìmọ̀ òfin ló sì wù ú. Ó kọ̀wé, ó ṣèdánwò, yunifásítì ńlá kan gbà á wọlé sí ọdún kejì. Ìyá wọn yọ̀, ó sunkún, ó sì pàṣẹ pé bí ẹ̀gbọ́n ò bá rí yàrá tó dáa gbà fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ, kí àwọn méjèèjì jọ pa dà wálé, kí ọmọ máa bá ilé-ẹ̀kọ́ ìtòsí lọ. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìyá yìí kì í yí ọ̀rọ̀ pa dà. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀ pa dà, torí aṣọ àwọn oníbàárà ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín ibùgbé, obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn ti pín gbogbo ibùsùn tán kí orúkọ àwọn tó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn bọ̀ tó tẹ àwọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ti ń tẹríba, ẹ̀bẹ̀ ti dé ẹnu rẹ̀, nígbà tí Adájọ́ béèrè pé àdúgbò wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lẹ́yìn ọgbà. Obìnrin náà júwe òpópónà kan lẹ́yìn géètì. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ín, ẹ̀gbọ́n ló gbé báàgì ẹrù. Ọgbà yẹn tóbi, kì í ṣe kékeré. Adájọ́ ò sọ pé ó rẹ òun. Ẹ̀gbọ́n ló ń bá a sọ ọ́ ní gbogbo ìyànà.

Ilé àkọ́kọ́ dáa. Ìsàlẹ̀ ni yàrá náà wà, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Bàbá onílé ti ń fi ibi tí tábìlì máa wà han ẹ̀gbọ́n kí Adájọ́, tí kì í yára, tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wo ọ̀pá, ó wo ẹsẹ̀, ló bá rántí lójijì pé ẹnì kan ti gba yàrá náà lánàá. Inú bí ẹ̀gbọ́n gan-an. Adájọ́ ní kó jẹ́ kí àwọn máa lọ. Ó ní onílé tó bá ń gbàgbé nǹkan báyìí lè tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn síta lọ́jọ́ kan, kó ní òun gbàgbé pé ó ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Níwájú ilé kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò, wọ́n ń dúró de ìyá tó ń bójú tó ilé náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti ṣe ohun tó ṣe. Ó yọ́ lọ bá ìyá náà lẹ́yìn ilé, ó ro ẹjọ́ ẹsẹ̀, ó ro ẹjọ́ àìsàn, ó fi omijé díẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí ìyá náà jáde, tó fo gbogbo èrò, tó sì mú Adájọ́ lọ wo yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Adájọ́ béèrè ìdí tó fi jẹ́ òun, nígbà tí àwọn kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú òun. Ìyá náà fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣàlàyé. Adájọ́ dúpẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n fún ẹni tó kàn.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní nígbà tí wọ́n dé ìta, “ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ẹ jẹ́ kí n máa fi tèmi sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n fajú ro, ó ní oòrùn ti ń wọ̀. Ó ti ń rí ìyá wọn lójú ọkàn rẹ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn méjèèjì.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé kẹta wà. Ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ ń wá ẹnì kẹrin. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe rí àtẹ̀gùn ló yí pa dà, ṣùgbọ́n Adájọ́ ti gbé ọ̀pá lé èyí àkọ́kọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ó di irin mú, ó gbé ẹsẹ̀, ó sinmi, ó tún gbé e. Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ hán bọ́ọ̀lù. Kò rí nǹkan kan hán títí wọ́n fi dé òkè.

Ilé ìdáná ni wọ́n jókòó sí. Àgbà inú wọn, tó wọ gíláàsì ojú, tí àwọn yòókù ń pè ní Alága, ló ń béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ omi wà nísàlẹ̀ nínú àgbàlá, àwọn sì máa ń pọnmi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìyẹn rọrùn?

“Ti omi yẹn, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu,” ni ẹ̀gbọ́n já lu ọ̀rọ̀. “Màá wá ẹni tí á máa bá a pọn ọ́n. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbí rárá.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ojú ara wọn. Ẹ̀gbọ́n rí i pé yàrá ti fẹ́ bọ́, kò sì mọ ohun tí òun fi bà á jẹ́.

“Ẹ máa mọ̀ pé mo wà níbí,” ni Adájọ́ sọ. “Mi ò lè pọnmi gun àtẹ̀gùn. Mi ò lè ṣe é lónìí, mi ò sì ní lè ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ ta ló ń fọ ìkòkò nínú ilé yìí?”

Ìkòkò kún inú báàfù, oúnjẹ jóná mọ́ ìdí wọn. Ẹni tó kéré jù nínú wọn rọra sún lọ dúró síwájú ẹ̀rí náà.

“Èmi á máa fọ̀ ọ́, tiyín tèmi, lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ẹ máa bá mi pọnmi. Lọ́jọ́ tí mi ò bá fọ̀ ọ́, ẹ má pọn tèmi.” Kò dúró níbẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lẹ́nu wọn, ó ní ta ló ń hanrun, ta ló ń kọrin nígbà tí àwọn yòókù ń kàwé. Ẹni tó kéré jù jẹ́wọ́ pé òun ń hanrun.

Orí ẹ̀gbọ́n wú. Ọmọ tó ti gbé pọ̀n kiri nìyí, kò mọ̀ pé ó ní irú ọ̀rọ̀ yìí nínú, torí kò tíì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ parí rí. Ìgbéraga àti ìtìjú jọ bá a lẹ́ẹ̀kan náà.

Alága yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Gbogbo àwọn tó ti wá ṣáájú rẹ ló sọ pé kò sí ohun tí àwọn ò lè ṣe,” ó ní. “Ìwọ nìkan lo sọ èyí tí o ò lè ṣe. A lè gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. Ìgbà wo lo máa kó dé?”

“Mo ti kó dé,” ni Adájọ́ dáhùn. “Ẹrù mi wà nísàlẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì gòkè, ó tẹ́ ibùsùn, ó so kọ́tìnì, ó tún un so. Nígbà tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe mọ́, ó ní òun á máa lọ kí ọkọ̀ má baà fi òun sílẹ̀. Adájọ́ dìde, ó mú ọ̀pá.

“Jókòó jàre,” ni ẹ̀gbọ́n sọ. “Àtẹ̀gùn yẹn pọ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ilé mi lẹ wà yìí. Ṣé àlejò máa ń sin ara rẹ̀ sọ́nà ni?”

Láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti mọ ìrìn ni ẹ̀gbọ́n ti ń sìn ín dé gbogbo ibi tó ń lọ. Kò ṣe àlejò rẹ̀ rí. Ó ní ó dáa, ó ṣeun. Ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí onílé tó ń sìn ín má baà sáré.