Ọṣẹ Tí Kò Ní Ta Sìlífátù Lórí

Sìlífátù fi ọṣẹ ra ẹ̀yìn etí, kò tíì ka méje tán tí ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó bu omi kànga sí i, ó tún bu òmíràn, ó ṣì ń jó o. Ó fi ìbínú ju ọṣẹ funfun náà sínú igbó ẹ̀yìn ilé. Ọṣẹ kẹrin tí yóò dán wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ì bá wé gèlè kó sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n òní ni opó rẹ̀ pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìrun alásárì, àwọn ìyàwó ilé yóò fọ irun opó fún un, wọn yóò sì dì í, kó lè padà sáàárín ènìyàn. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ajah nìyẹn.

Awọ orí rẹ̀ ni kò gbà. Lọ́dún tó wọlé ọkọ, ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ lórí bó o yánnayànna, odidi oṣù kan ló fi wé gèlè lé egbò. Àwọn obìnrin ilé fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Olórí-Ẹyin. Láti ìgbà náà ni Kàsímù ọkọ rẹ̀ ti gba iṣẹ́ orí fífọ̀ náà ṣe. Ọkọ̀ ojú omi ni Kàsímù ń wà, ẹja ló ń kó lọ sí Èbúté Èrò. Tó bá dé ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà lọ. Ọkùnrin ń fọrí fún obìnrin! Ojú a máa ti Sìlífátù débi pé kì í lè wò ó. "Ìwọ ṣáà dijú, jàre," ni Kàsímù á wí.

Fún ọdún mẹ́wàá, kò ta á rí. Inú agolo kan ni ọṣẹ náà máa ń wà, ó sì dá Sìlífátù lójú pé ọṣẹ òyìnbó ni. Kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ta ló ń béèrè irú ẹ̀? Ohun tó ń béèrè ni ìdí tí ọkọ rẹ̀ fi máa ń pẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Á kùn, á ní àwọn ẹlẹ́ja yòókù ti dé tipẹ́. Kàsímù á ní èrò ló pọ̀. Nígbà tí ibà pa ọkùnrin náà, agolo ti ṣófo.

Ó mú ọ̀nà pọ̀n, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn Ọ̀gá Akínsànyà létí títì.

"Ti ọmọdé ni kí ẹ gbà, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣampú ni. Awọ yín ló fẹ́lẹ́."

Ó kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí rẹ̀ kejì. Sìlífátù ka méje. Ó ka ogún. Kò ta á! Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó rìn títí dé ìdí àgbọn kan kó tó mọ̀ pé Kàsímù lòun ti ń bá sọ̀rọ̀ lọ́kàn láti ìgbà yẹn: mo ti rí ọṣẹ wa o. Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n gbé àpótí fún un lẹ́yìnkùlé. Ìyá Mùínàt, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Kàsímù, ló fẹ́ fọ orí náà. Àwọn ìyàwó ilé méjì ń fa omi kànga.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́." Sìlífátù na ṣampú náà sí i.

"Olórí-Ẹyin! Wàhálà tìẹ kì í tán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn án lórí.

Ṣampú náà kò hó dáadáa. Wọ́n tún da omi sí i. Kò pẹ́ tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á láti iwájú, ó ń jó lọ sí ìpàkọ́. Sìlífátù fi eyín tẹ ètè.

"Ó ń ta ẹ́, àbí?"

"Rárá, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Omi Èkó ńkọ́? Ó ti tán ni?"

"Omi Èkó wo, mà?"

Ìyá Mùínàt dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń fa omi náà dáwọ́ dúró.

"Yéè! Àṣé o ò mọ̀! Ọkọ-Kékeré kì í fi omi kànga fọ orí ẹ." Bó ṣe máa ń pe Kàsímù nìyẹn, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. "Iyọ̀ ló wà nínú omi wa, kì í jẹ́ kí ọṣẹ kúrò lórí. Omi ẹ̀rọ ni, láti Èbúté Èrò. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń tò sáàárín àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ, tòun ti kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín títí."

"Ọṣẹ inú agolo wá ńkọ́?"

"Ọṣẹ dúdú mi yìí náà ni. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń bù ú."

Sìlífátù rántí gbogbo bó ṣe kùn. Èrò pọ̀ lóòótọ́.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"A bi í. Ó ní tó o bá gbọ́, wàá ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, wàá sì padà máa fara da omi kànga."

Òótọ́ ni. Omi ń kán sí i léjìká, àárò ọkùnrin náà wá sọ ọ́ ju ti ọjọ́ tí wọ́n sin ín lọ. Nínú gbogbo agbo ilé yìí, kò sí ẹni tó mọ òun Sìlífátù tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyá Mùínàt fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ọ̀la, àwọn ẹlẹ́ja á lọ Èkó. Ṣé ká ní kí wọ́n bá ẹ pọn omi díẹ̀ bọ̀?"

Sìlífátù la ẹnu láti sọ pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Ó dé orí ahọ́n rẹ̀ kó tó gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ó bú sẹ́kún.