Ohùn Tó Ń Wálẹ̀ ní Ìparí Ìlà

Ìlà mẹ́ta péré ni Tíṣà kọ sójú pátákó, kò sì sí orúkọ ẹni tó ni ín níbẹ̀:

Mo rẹ́rìn-ín, ilé kún fún ọ̀yàyà.
Mo jókòó, mo dìde, mo jó, mo yọ̀.
Ẹ wá wò mí lẹ́nu ọ̀nà.

Aránṣọ tẹjú mọ́ pátákó. Òun ló kọ ọ́. Ó yọ́ fi í sáàárín ìwé àwọn tó kù láìkọ orúkọ sí i, nítorí pé káfíńtà, ọkọ rẹ̀, ló jókòó tì í ní kíláàsì àwọn àgbà yìí. Ọdún mẹ́fà ló ti ń fi ẹ̀rín bo ara nílé ọkùnrin náà. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé e ró: ọkọ òun kò mọ̀ ni. Bó bá mọ̀, yóò ṣàánú òun.

"Ewì ayọ̀ nìyí," ni ìyá oníbàtà wí.

"Ṣé ó dá yín lójú, mà?" Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ pa ẹnu dé, kí gbogbo yín fi imú pè é. Ohùn nìkan, kò sí ọ̀rọ̀."

Wọ́n fi imú pè é. Ohùn náà gòkè, ó rìn díẹ̀, ó wálẹ̀. Ní ìlà kejì, ó wálẹ̀. Ní ìkẹta, ó tún wálẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹkún mì.

"Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ohùn ń sunkún. Ìlà kejì pàápàá, gbólóhùn wẹ́wẹ́ mẹ́rin, bí ẹni tí èémí ò tó. Ta ló ni ín? Kó dìde, ká pàtẹ́wọ́ fún un."

Aránṣọ di etí bẹ́ǹṣì mú. Káfíńtà ló dìde.

"Èmi ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀yin tí ẹ ò lè kọ lẹ́tà sí àna yín!"

"Ó dáa," Tíṣà ní. "Kí ló dé tí gbogbo ìlà fi ń wálẹ̀?"

Káfíńtà ò tiẹ̀ ronú. "Bí ìyàwó mi ṣe máa ń sunkún sínú pílò láràárọ̀ nìyẹn, tó bá rò pé mo ṣì ń sùn. Á gbé e sókè, á fà á, á gbé e mì. Ọdún mẹ́fà! Ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni? Ó tiẹ̀ dùn ún sùn sí."

Wọ́n rò pé àpárá ló ń dá. Ìyá oníbàtà kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, àwọn tó kù gbà á. Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ káfíńtà sábẹ́ ewì náà.

"Ìyàwó," káfíńtà ní, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, "wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fọ́kọ ẹ, o wá ń wolẹ̀."

Aránṣọ gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pàtẹ́wọ́.