Ọ̀já Méjì àti Alùpùpù Bàbá Mi

Hámà ni ẹ̀gbọ́n mi Isat fi kí alùpùpù yìnyín bàbá wa, ẹ̀rọ tí a fi ń sáré lórí yìnyín, káàbọ̀ síta. Èmi àti Heika, ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ bá mi tún un ṣe, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ ọ jáde nínú ahéré tó ti ń sùn sí láti ìgbà tí bàbá ti kú ni, eruku ṣì bo ìjókòó rẹ̀. Isat dé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó gbé hámà sókè, ó sì fọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀ túútúú. Ẹ̀rúnrún gíláàsì fò mọ́ mi lójú. Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó sì ń kán sórí ọwọ́ Heika, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ojú mi.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sí mi lọ́kàn lásìkò yẹn, àmọ́ ohun tí mo ń rò ni pé ọwọ́ ọkùnrin yìí mà rọ̀ o, pẹ̀lú gbogbo ọ́ìlì tó wà níbẹ̀.

Isat ní òun kò fẹ́ rí òkú irin náà lójúde òun. Mo ní bàbá ló fún mi, ojú gbogbo ẹbí ló sì ṣe. Ó gbá mi létí. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ń bí i nínú. Àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín ni a ń sìn, àárín agbo tirẹ̀ ni àwọn tèmi wà, ilà tèmi ló wà létí wọn, abo wọn sì ń bí ju tirẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá ní alùpùpù kò lè da ẹran lọ sí pápá òtútù, ẹni tí kò bá sì lè dà á, abẹ́ ẹlòmíì ló máa gbé. Láti ìgbà tí bàbá ti lọ, èmi tí mo ni ẹran ni mò ń jókòó sẹ́yìn Isat bí ẹrù. Èmi ni mò ń se ẹran rẹ̀, èmi náà ni mò ń gba ìgbátí tí kọfí bá tutù.

Àǹtí Garen, àbúrò bàbá wa, ẹni tí gbogbo darandaran agbègbè wa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ló já hámà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi í pé kí ló ń fẹ́ gan-an. Isat rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi, ó sì sọ ọ́ ketekete kí àwọn tó wà lójú fèrèsé lè gbọ́.

"Lọ́jọ́ tí a bá ń pín ẹran, tí òkú yìí bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọgbà ìpín ẹran, kí Ravna kó gbogbo ẹran rẹ̀, kó máa tẹ̀ lé ẹni tó bá wù ú lọ. Tí kò bá dé, ìdáná mi ni kó jókòó sí, kí n má sì gbọ́ pìntìn lẹ́nu rẹ̀ mọ́."

"Mo ti gbọ́," ni Àǹtí Garen wí. Ohun tí Àǹtí Garen bá sì ti ní òun gbọ́, ó ti parí.

Ẹni tó bá wù mí kò jìnnà. Òdìkejì odò ni Heika ti wá, àgbọ̀nrín tirẹ̀ kò pọ̀, bàtà rẹ̀ ti gbó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí adágún lọ́jọ́ tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ kúrò lórí rẹ̀, tó bá sì wò mí, mo máa ń gbàgbé ohun tí mo fẹ́ mú. Ó tó ìgbà mélòó kan tó ní kí n fún òun ní sípánà tí mo fún un ní ife kọfí.

A wọ́ alùpùpù náà padà sínú ahéré, ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Epo inú táǹkì ti dì bí ọ̀dà. Eku ti bímọ sínú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Heika tú kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pàdé afẹ́fẹ́, ó fi wáyà tín-ín-rín gún ojú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu bí ẹni ń fẹ́ iná. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, a pààrọ̀ bẹ́líìtì. Rọ́bà gbọọrọ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, èyí tó fi ń rìn, eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Ojú ọ̀nà tí ẹlòmíì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ nìkan ló lè gbà. Heika yọ òmíràn lára alùpùpù kan tó já sínú kòtò, èyí gùn, eyín rẹ̀ sì jìn, ó lè wẹ yìnyín rírọ̀ já. Nítorí pé ó gùn ju ìdí alùpùpù lọ, a gé páànù ìdí náà, a fi irin sọ ọ́ gùn. Ó tún fa wáyà sínú ìdìmú kí ọwọ́ mi máa rí ooru. Mo ti ka oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ọkùnrin kan ti jókòó, tó ń ronú bí ìka obìnrin ṣe máa móoru.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a parí, ó mú okùn kan jáde tí ìdérí kékeré wà lórí rẹ̀. Ó ní okùn apaná ni. Ìdérí náà á wà lára ẹ́ńjìnnì, ìdí okùn á wà lọ́rùn ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún. Tó bá ṣubú, okùn á fa ìdérí yọ, ẹ́ńjìnnì á sì kú lójú ẹsẹ̀. Alùpùpù bàbá mi kò ní irú rẹ̀ rí. Heika sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, omi dì mọ́ ìtẹná alùpùpù bàbá òun, ìyẹn ohun tí a ń tẹ̀ kó lè sáré, kò sì padà sípò mọ́. Bàbá náà já bọ́. Alùpùpù ń lọ láìsí ẹni lórí rẹ̀, ó yí po, ó padà wá gun àyà rẹ̀, ojú òun ló sì ṣe.

"N kò ní tún alùpùpù kankan ṣe fún ẹni tí mo fẹ́ràn láì fi okùn yìí sí i," ló wí.

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Fún ta ni?"

"O gbọ́ mi, Ravna."

Ọ̀já bàtà méjì kan, èyí tí a fi ń wé ọrùn bàtà, wà nílé tí mo ń hun ní kọ̀rọ̀, pupa àti yẹ́lò, pẹ̀lú àmì ìdílé wa lára. Ní ilẹ̀ wa, ọmọbìnrin kì í hun ọ̀já bàtà fún ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ kò tí ì yàn. Okùn Heika kúrú díẹ̀, kò dé ọwọ́ mi dáadáa. Mo sáré wọlé, mo mú ọ̀kan nínú ọ̀já náà, mo so ó mọ́ ìdí okùn. Ó wò ó, ó mọ ohun tó jẹ́, etí rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé iwájú orí rẹ̀ lé iwájú orí mi.

Bí Isat ṣe bá wa nìyẹn.

Ọ̀pá irin ló mú wọlé. Heika gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí ẹ́ńjìnnì láti dìde, ibẹ̀ ni irin náà bà á. Mo gbọ́ ìró ìka rẹ̀ bí ẹni ń ṣẹ́ igi gbígbẹ. Isat gbé bàtà lé ọwọ́ náà, ó sì ń yí gìgísẹ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Heika kò pariwo. Ó bu èjìká ara rẹ̀ jẹ. Mo gbé sípánà tó tóbi jù, mo là á mọ́ ẹ̀gbẹ́ etí Isat, etí náà sì ya. Ó yíjú sí mi pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn. Ó di irun mi mú, ó gbá ojú mi mọ́ ìjókòó alùpùpù, ó tún gbá a, títí ẹnu mi fi kún fún ẹ̀jẹ̀ oníyọ̀ àti eyín tó mì.

Ìgbà náà ló rí okùn. Ó fi ìka gbé ọ̀já náà sókè, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Okùn ajá. Ọ̀kan wà lára tèmi náà, mo ti wé e mọ́ ìdìmú kó má máa dí mi lọ́wọ́. Òkú irin ayé àtijọ́ ló ń ya wèrè, ti tuntun kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ó fẹsẹ̀ yí Heika padà bí ẹni ń yẹ ẹran tó ti kú wò. "Ó dáa. Ẹ máa fi ẹnu tún un ṣe."

Ẹnu náà la sì fi tún un ṣe. Mo fi igi pẹlẹbẹ sábẹ́ ìka Heika, mo sì fi ọ̀já kejì dì í. Ó jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ funfun, ó ń sọ fún mi ibi tí màá tẹ̀ àti ibi tí màá yí. Tí mo bá di nǹkan le jù, á ní kí n rọra, pé irin náà kì í ṣe etí Isat. A máa rẹ́rìn-ín, ìrora á sì mú àwa méjèèjì dákẹ́.

Yìnyín rọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìpín ẹran. Omi inú rẹ̀ ṣì pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òtútù ti sọ gbogbo rẹ̀ di irin. Mo wé okùn apaná mọ́ ọwọ́, mo fa okùn tó ń jí ẹ́ńjìnnì. Ó wúkọ́. Mo tún fà á, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Ní ìgbà kẹta, ó ké, èéfín búlúù sì bo Heika lójú. N kò ní gbàgbé bó ṣe ń sunkún nínú èéfín yẹn, tó ń ṣe bí ẹni pé èéfín ló fà á.

Mo gba orí òkè já, rọ́bà tuntun ń wẹ yìnyín, Heika ń bọ̀ lẹ́yìn lórí tirẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì wà á. Mo rí ọgbà ní ìsàlẹ̀, àwọn àgbọ̀nrín ń yí po nínú rẹ̀ bí omi inú ìkòkò, àwọn ènìyàn sì gbórí sókè láti wò mí. Isat náà wò mí. Alùpùpù ńlá rẹ̀ ti sùn síta láti àná láìbò, yìnyín ti dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ó fò sórí rẹ̀, ó tẹ iná dé òpin, ó sì kọrí sí mi.

Mo rò pé ó fẹ́ dẹ́rù bà mí ni. Kò yà. Létí ọgbà, ó kọlù mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin ké, orúnkún mi fún mọ́ páànù, mo sì gbọ́ tí nǹkan já nínú rẹ̀. Alùpùpù bàbá mi ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ ṣùgbọ́n kò dojú dé. Ìdí rẹ̀ tí a sọ gùn ló mú un dúró. Isat lọ yí po, ó padà wá, ó dìde dúró kí òun lè rí ojú mi dáadáa. Mo ya sápá òsì. Ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù rẹ̀, pátákó gígùn tó ń yọ́ lórí yìnyín, kọlu kùkùté kan nísàlẹ̀, Isat sì fò kúrò lórí ẹ̀rọ náà bí àpò. Nígbà tó balẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ dojú kọ ibi tí kò yẹ.

Alùpùpù rẹ̀ kò dúró. Ìtẹná ti dì. Okùn apaná ṣì wà níbi tó wé e sí, ó ń jó lára ìdìmú. Ẹ̀rọ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yí po, ó ń bọ̀ wá bá olówó rẹ̀, Isat sì ń fi ìgúnpá wọ́ ara rẹ̀ lórí yìnyín, egungun funfun ti yọ lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni. Èmi ló ń wò.

Mo rí ojú Heika lókè lọ́hùn-ún. Ojú ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ lábẹ́ irin ni. Mi ò lè jẹ́ kó tún rí i. Mo tẹ iná, mo sì fi imú alùpùpù bàbá mi gbá ti Isat ní ìhà.

Ayé dojú dé. Okùn fa ọwọ́ mi bí ẹni fẹ́ yọ ọ́ léjìká, ọ̀já náà gé mi dé inú ẹran, ẹ́ńjìnnì mi sì kú kí n tó balẹ̀. Irin náà yọ́ wá, ó dúró jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, imú rẹ̀ kan igi ọgbà. Ti Isat dojú kọ sánmọ̀, ó ń gbá afẹ́fẹ́, títí Heika fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Mo dìde. Mo tiro lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé bàtà mi lé ẹsẹ̀ tó dá náà, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó ké bí ẹran tí wọ́n ń kọlà sí létí. Ó dùn mọ́ mi. Àǹtí Garen dé, ó rọra fà mí sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Isat.

"Alùpùpù yẹn dé ọgbà, àbí kò dé?"

Isat tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti pé lé e lórí. "Ó dé."

"Wọn ò gbọ́ ẹ lẹ́yìn."

"Mo ní ó dé. Kó kó wọn."

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Títí di òní, ó ń tiro, kò bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà kò sì kí i. Àǹtí Garen ṣílẹ̀kùn ọgbà, wọ́n ń yẹ etí ẹran wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ilà tèmi ń jáde, ó ń jáde, títí ojú mi kò fi rí wọn mọ́ nítorí omijé.

Ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù bàbá mi ti ká. Heika so ó mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀, ó ní a ṣì ní odindi ìgbà òtútù kan láti fi tún un ṣe. Ó bojú wo ọwọ́ mi tó wú, tí ọ̀já ti lẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Èmi náà bojú wo ọ̀já tó wà ní ìka rẹ̀.

"Ṣé bàtà mi lo hun àwọn nǹkan wọ̀nyí fún tẹ́lẹ̀?" ló bi mí.

Mo tú tọwọ́ mi. Mo rọra tú tọwọ́ rẹ̀. Mo fi orúnkún tí kò ṣèṣe kúnlẹ̀ nínú yìnyín, nítorí ìka tirẹ̀ kò lè dì í, mo sì wé ọ̀kan mọ́ bàtà òsì, mo wé ìkejì mọ́ ti ọ̀tún. Ní ojú gbogbo wọn.