Ó Dún

Ìfọ́tí náà bá a kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì da omi sí i, á sán..." Ibẹ̀ ló dé tí àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá fi bo etí ọ̀tún rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí orí rẹ̀ sì lọ gbá òpó irin. Kò ṣubú. Ó ti pẹ́ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìfọ́tí láìṣubú. Èèyàn á dẹ ọrùn, á di ohun tó bá wà nítòsí mú, á sì máa wo ọwọ́ kejì, nítorí ọwọ́ kejì kì í pẹ́.

Ọwọ́ kejì kò wá. Korobá omi ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá da omi náà sórí irin tó ṣì ń pọ́n bí ogbe àkùkọ, èéfín sì bo gbogbo wọn lójú.

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Ọ̀sán yìí ni oníbàárà ń bọ̀. Àbí kí n máa fẹ́ atẹ́gùn sí i bí oúnjẹ ọmọdé?"

Ìyẹn ló gbọ́ kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ohùn tóóró kan bẹ̀rẹ̀ nínú orí rẹ̀, wíììì, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ayùn gé páìpù lọ́nà jíjìn, kò sì dákẹ́ mọ́.

Elétí ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é. Ọ̀gá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan, ó fi ọdún méje jù ú lọ. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbé jíìpù ga, kí ikùn rẹ̀ má baà máa ha òkúta níbi tí kò sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ara mọ́tò sókè tán, apá irin tó di táyà mú nísàlẹ̀ kì í gùn tó mọ́. Á dà bí ẹni tó gun àpótí, tó tún fẹ́ bọ ẹni tó jókòó sílẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe apá tiwọn, tó gùn, tó sì tẹ̀ díẹ̀ níbi ìgúnpá. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́wọ́ yìí ni ìkeje. Àkọ́kọ́ ká. Ìkejì gùn jù, táyà ń ha bọ́dì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi òòlù fọ́ ìkẹrin, inú ń bí i. Òòlù kan náà ló fi fọ́ ìka ọwọ́ ẹni tó fi iná jó o pọ̀. Ẹni yẹn kò padà wá mọ́, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ irin wò níbẹ̀. Etí ni. Wọ́n á fi wáyà so apá rọ̀, Elétí á fi òòlù kékeré lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì tẹ́tí. Irin tó pé á dún, á máa dún lọ bí ẹni ń kọrin relé. Èyí tó bá ti sán nínú á kàn sọ pé kọ̀, á panu dé. Bó bá dún, Elétí á fi ẹfun fa ìlà kan sí i lára, wọ́n á sì gbé e lọ dè mọ́ mọ́tò. Ọdún méjìdínlógún, kò ṣì í rí. Etí ọ̀tún nìkan ló sì ń lò. Ti òsì ti kú látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ́jọ́ tó sọ kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nù. Ọwọ́ kan náà ni.

Ìfọ́tí. Gbogbo èèyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í rò ó pé etí lè fọ́ lóòótọ́.

Oníbàárà dé nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Obìnrin kan ni, ó dé akoto, ó mú ìwé dání. Àwọn tó ń tún wáyà iná ṣe lórí òkè ló rán an wá. Ogójì jíìpù ni wọ́n fẹ́ gbé ga, bí apá tuntun yìí bá gba ìyà níṣojú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú gbogbo eyín. Ó kígbe sí Elétí kó wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Elétí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó rí ìka tó nà án.

Apá mẹ́rin, ọ̀kan fún táyà kọ̀ọ̀kan, ló rọ̀ lórí òpó. Ó lu ìkínní. Wíììì. Ó lu ìkejì. Wíììì kan náà, kò ga, kò rẹlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò kan irin náà, ohun tí kò ṣe rí. Irin ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n lọ títí kó tó sinmi. Ó dára. Ìkejì náà gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ó lu ìkẹta, ó sì fọwọ́ kàn án.

Gbígbọ̀n náà kú lábẹ́ ìka rẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n fún lọ́rùn.

Ó tún un lù. Ó tún kú. Ó gbójú sókè. Ó kọ́kọ́ wá ọwọ́ Ọ̀gá. Ọwọ́ wà ní ìbàdí. Gbogbo wọn ń wò ó. Ìyá Lẹ́ẹ̀tì wà láàárín wọn, obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin róbótó, òun nìkan ló lè wo Ọ̀gá lójú níbẹ̀. Ó ti rí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ láti etí Elétí wọ ọrùn ẹ̀wù.

"Elétí," ni Ìyá Lẹ́ẹ̀tì wí, "etí yẹn, ṣé kò dùn ẹ́?"

Kò gbọ́ ọ. Ó kàn rí i pé ojú gbogbo wọn dúró, bí ojú ẹni tó ń retí èsì. Ó rò pé irin ni wọ́n ń bèèrè. Ó kó gbogbo ọkàn tó ní jọ, kò sì pọ̀, ó ní:

"Kò dún."

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kì í mọ ibi tí ohùn ọ̀hún bọ́ sí. Ohun tó fẹ́ gbé sókè lọ sísàlẹ̀. "Kò dùn" ni wọ́n gbọ́.

"Kò dùn ún!" Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó kọjú sí oníbàárà. "Ẹ gbọ́ àbúrò mi? Ó ní kò dùn òun." Ó yíjú sí Elétí. "Ṣé kí n bu ènì sí i fún ẹ ni?" Ó sì gbé ọwọ́ sókè.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ibi iṣẹ́, tó máa ń kúrú. Elétí rí eyín, ó rí ọwọ́ lókè. Kò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Ó rò pé wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì ti kọ̀. Èwo ló tún kù kí èèyàn sọ? Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èékù idà, wọ́n ní kéèyàn má bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Tòun ò tẹ èékù rí. Ó mú ẹfun. Ó fa ìlà sára ìkẹta. Ìlà náà wọ́, ṣùgbọ́n funfun ni.

Ọwọ́ Ọ̀gá padà wálẹ̀.

Àkọ́bí Ọ̀gá ló máa ń wa mọ́tò tí wọ́n bá fẹ́ dán wò. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ó níyàwó, ó ní ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Awakọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó lè bá òkúta ṣeré bí ẹlòmíràn ṣe ń bá ajá ṣeré, ṣùgbọ́n kì í tẹ iná láìkọ́kọ́ yọ orí jáde lójú fèrèsé bi àbúrò bàbá rẹ̀ léèrè. Ó yọrí jáde báyìí.

"Bàbá Kékeré! Ṣé ó dún?"

Elétí kò nílò etí fún ìbéèrè yẹn. Ó mọ̀ ọ́n lórí ètè.

"Torí bó bá ká," ni Awakọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, "etí yín ni mo máa gé fi ṣe ọ̀ṣọ́ síwájú mọ́tò o!"

Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elétí. Ó sún mọ́ ọn débi pé ooru ara rẹ̀ ń kàn án. Elétí wo ojú ọmọ náà. Ó wo táyà iwájú lọ́wọ́ òsì, ibi tí wọ́n de ìkẹta mọ́. Ẹnu rẹ̀ là.

"Ó dún."

Èyí jáde gaara. Gbogbo àgbàlá ló gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ibi iṣẹ́ ni òkìtì òkúta wà, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tò, pẹ̀lú kòtò ńlá kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Jíìpù gun òkìtì náà lẹ́ẹ̀kíní, ó wọ kòtò, ó jáde. Oníbàárà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀gá na ìka méjì: kó tún un gùn, kó sì yá díẹ̀ sí i.

Elétí kò gbọ́ ìgbà tí irin dá. Ó rí i ni. Táyà òsì ká wọlé bí ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́. Jíìpù dúró lójú òfuurufú fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì dojú dé. Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Dígí fọ́n ká bí omi. Ó tún yí. Ilẹ̀kùn já, ẹsẹ̀ Awakọ̀ yọ síta, òrùlé mọ́tò sì bọ́ lé e. Gbogbo rẹ̀ láìsí ohùn kankan, àfi wíììì.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ òrùlé, ó fà á, ó fi èjìká tì í. Kò mì. Ó rí apá tó dá, ó rí ìlà ẹfun lára rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, páìpù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ bọ́ sí èjìká. Èkejì bọ́ sí ìhà. Elétí ṣubú lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé apá òsì bo orí, páìpù sì bá egungun apá náà, ó mọ̀ pé ó ti dá nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò dáhùn mọ́. Ẹnu Ọ̀gá ń là, ó ń pa dé, itọ́ ń ta jáde. Ó ka èyí tó lè kà. *Ìwọ lo fẹfun sí i. Ìwọ lo ní ó dún.* Páìpù tún gòkè. Ó bá a lẹ́yìn. Ó bá a nítan. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ó sì ń rò ó, bó ṣe wà nílẹ̀ yẹn, pé kò sẹ́ni tó ń gbé mọ́tò kúrò lórí ọmọ.

Ìyá Lẹ́ẹ̀tì fi ọwọ́ méjèèjì di páìpù mú lókè.

"Kò dún ló sọ!" Ó ń pariwo débi pé iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Ó sọ fún yín! Ṣẹ̀ṣẹ̀ ló ń yé mi. Kò dún ló fẹ́ sọ, a gbọ́ kò dùn, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ẹ wo etí ẹ̀! Ẹ wò ó! Ọwọ́ ta ló ṣe é?"

Ọ̀gá wo etí náà. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ níbẹ̀ látàárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ nǹkan, Elétí sì ń wo ètè rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí kò mọ ìwé kà.

"Mi ò gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan látàárọ̀. Ọwọ́ ni mo fi mọ̀ pé kò dáa. Mo sì sọ pé ó dún. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, èmi ni mo sọ ọ́." Ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Ẹ gbé jáàkì wá."

Jáàkì mẹ́ta ni wọ́n gbé wá. Elétí fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa ọ̀kan, títí òrùlé fi gbéra kúrò lórí Awakọ̀.

Ọjọ́ kò tíì rọ̀ nígbà tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn, àwọn méjèèjì. Wọ́n ti fi pákó di apá Elétí. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ wà lára bàtà Ọ̀gá.

Dókítà jáde. Ẹnu rẹ̀ ń lọ. Elétí kò wo dókítà. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wò, kó lè mọ̀ bóyá ọmọ náà kú tàbí ó yè.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán. Ó yí padà, ó sì fi ètè ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, díẹ̀díẹ̀. *Ó máa yè. Wọ́n á gé ẹsẹ̀ ẹ̀.* Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè ohun tí kò bi àbúrò rẹ̀ rí láyé: *Kí ni kí n sọ fún ìyàwó ẹ̀?*

Elétí ń wo ojú náà. Ojú náà ń wá ibi tó máa sá sí: ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ilẹ̀, ó padà wo ilẹ̀kùn. Igun ẹnu ń gbọ̀n. Elétí mọ ojú yìí dáadáa. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí ibi tó ti ń rí i: nínú dígí ni, láràárọ̀, bó bá ń fá irùngbọ̀n tirẹ̀. Kò rí i lára ẹlòmíràn rí. Ó sún mọ́ ọn, ó tún un wò. Kò jọ ẹ̀rù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lónìí. Ó jókòó síbẹ̀ bí onílé, bí ohun tó ti ń gbé inú yàrá kan látọjọ́ pípẹ́, tó kàn jẹ́ pé òní ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn.