Àpótí Orúkọ Ti Ṣófo

"Ó ti tán?" Ọ̀gá Olúbọ̀dé bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti tán, sà." Ìníolúwa tẹ orúkọ kan ṣoṣo tó kù. Orúkọ náà pòórá. Àpótí tó wà lójú kọ̀ǹpútà ṣófo, ọ̀rọ̀ kan sì yọ lábẹ́ rẹ̀: GBOGBO WỌN TI DÉ.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "O rí i? Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. A ti bọ́ lọ́wọ́ ìwé Bàbá Akínsànmí tí epo pupa ti bà jẹ́." Ó yọ orí síta. "Mùízz! Máa lọ."

Mùízz ló ń wa ọkọ̀ kékeré tó máa ń dúró ní èbúté ní Ogunu, ní Warri, títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó lè wá èrò tí kò bá dé. Òfin ọ̀gá ni pé kò gbọdọ̀ kúrò bí orúkọ ẹnì kan bá ṣì wà nílẹ̀. Ó so ọkọ̀ mọ́ òpó, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lo ètò tuntun náà nìyí. Láàárọ̀, Bàbá Akínsànmí, akọ̀wé wọn, á tẹ orúkọ àwọn tó bá ń lọ sí àwọn abúlé inú omi sórí ìwé onílà inú Excel. Lọ́sàn-án, bàbá á lọ sílé ní Aladja, Ìníolúwa á sì gba àga. Màkírò tí Ìníolúwa fúnra rẹ̀ kọ, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ló ń kó orúkọ láti orí ìwé náà sínú àpótí. Bí ẹnì kan bá sọ̀ kalẹ̀, Ìníolúwa á tẹ orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á sàmì sí i pé ó dé, á sì yọ ọ́ kúrò nínú àpótí.

Ojú ọ̀run ti ṣú lápá odò. Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹyẹ kankan lórí òpó.

Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé kúlà oúnjẹ lé ẹsẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Àwọn èrò ti lọ tán, kò dìde.

Ìníolúwa jáde sí i. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ta lẹ ń dúró dè?"

"Ọkọ mi ni. Mùsbáù oníke. Èmi ni Maimunah."

"Gbogbo àwọn tó lọ ti dé mà. Bóyá ó ti gba ibòmíràn lọ sílé."

"Ibòmíràn wo? Èmi ni mo bá a ru abọ́ ike dé ibí láàárọ̀. Bàbá àgbà yẹn bi í lórúkọ, ó sì kọ ọ́. Ojú mi ló ṣe."

"Ẹ ti pè é?"

"Mo ti pè é títí. Kò wọlé."

Ọ̀gá ti jáde. "Ìyá, kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ẹ lọ wò ó, bóyá ó ní ìyàwó kejì ní Jeddo." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Ààwẹ̀ ló gbà," ni Maimunah wí. "Láti sààrì, kò fi omi kan ẹnu. Tó bá tiẹ̀ níyàwó ní Jeddo, oúnjẹ tèmi ni yóò kọ́kọ́ jẹ."

Ìníolúwa padà wọlé. Ó pe Bàbá Akínsànmí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kọ orúkọ Mùsbáù oníke láàárọ̀?"

"Mo kọ ọ́. Ọkọ̀ wa kún. Mo bá àwọn tó ṣẹ́ kù háyà ọkọ̀ onígi Akínfẹ́mi. Wọn ò tíì dé?"

"Ibo lẹ kọ wọ́n sí, Bàbá?"

"Lábẹ́ àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Mo fo ìlà kan. Orúkọ èrò ọkọ̀ méjì kì í fara kanra lórí ìwé, kí àwọn ọkọ̀ náà má bàa kọlura lójú omi. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, ọmọ mi."

Ìníolúwa ṣí ìwé onílà náà. Orúkọ àwọn tó ti dé wà lókè, àmì wà níwájú wọn. Lẹ́yìn wọn, ìlà kan ṣófo. Lábẹ́ ìlà náà, àwọn orúkọ mìíràn wà. Kò sí àmì kankan níwájú wọn.

Ó mọ ohun tó ti kọ. Ó ní kí màkírò máa kó orúkọ lọ títí yóò fi dé ibi tó bá ṣófo, kó sì dúró níbẹ̀. Orúkọ tó fi dán an wò kò ní àlàfo.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ kejì wà."

Ọ̀gá wo ojú kọ̀ǹpútà láìjókòó. "Akínfẹ́mi mọ omi. Wọ́n á ti dúró sùn ní abúlé kan. Òjò ń bọ̀. Má jẹ́ ká pariwo kiri Warri."

Ìníolúwa gbé fóònù. Ó pe Mùízz.

"Mùízz, abeg dey come back. People still dey for water."

"Which people? Your box no talk say everybody don come?"

"My box lie."

"I dey come."

Ìníolúwa ṣí màkírò. Ó pa ìlà àṣẹ kan rẹ́, ó kọ òmíràn: kó lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, kó wá orúkọ tó kẹ́yìn, kó sì mú gbogbo ẹni tí kò ní àmì. Ó tẹ bọ́tìnì. Ìlà òfìfo kan kọ́kọ́ wọ inú àpótí. Lẹ́yìn náà àwọn orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọlé.

Ó yí kọ̀ǹpútà sí ọ̀gá. "Ẹ kà á sókè, sà."

"Mùsbáù," ni ọ̀gá kà. "Àbẹ̀kẹ́. Nasirudeen. Peculiar." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Peculiar ló ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Láàárọ̀ ni ọ̀gá ti rán an lọ ra ẹja tútù wá fún un. Kò tíì rántí rẹ̀ láti ìgbà náà.

"Èmi ni mo rán an," ó wí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì.

Nígbà tí Mùízz dé, ẹ̀kán òjò ti ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìníolúwa ti kọ àwọn orúkọ náà sórí páálí. Ó ń wá bí wọ́n ṣe ń de láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì.

"Ìwọ tí o kì í wọ ọkọ̀ ojú omi?" ọ̀gá bèèrè. "Jẹ́ kí Mùízz lọ."

"Mùízz ò mọ̀ wọ́n, sà. Mo mọ orúkọ wọn báyìí." Ó kọjú sí Maimunah. "Mà, ẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ orúkọ kankan."

Ìpè ìrun dún láti apá ọjà. Maimunah na kúlà náà sí i.

"Ẹ gbé e dání. Tí ẹ bá ti rí i, kó ṣínu."

Wọ́n jáde. Iná Ogunu kéré lẹ́yìn wọn, ó sì pòórá. Igi ẹ̀gbà etí omi dúdú ní ọ̀tún àti ní òsì. Wọ́n ya sí ẹsẹ̀ odò tóóró kan, Mùízz sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Call dem," ó wí.

"Mùsbáù o!"

Òjò nìkan ló dáhùn. Mùízz tan tọ́ọ̀ṣì sójú omi. Abọ́ ike kan ń léfòó bọ̀, ó rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Mùízz fi iná tẹ̀ lé wọn.

Ìníolúwa fi ẹsẹ̀ méjèèjì di kúlà mú. Ó gbé páálí sún mọ́ iná tọ́ọ̀ṣì. Ó pe orúkọ kejì.