Iṣẹ́ Tí Kò Jáde Nílé

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà ọdún 2006 ni ọmọ mi Vaijayanti, tí à ń pè ní Vaiju, kú. Òjò àkọ́rọ̀ mú kí ojú ọ̀nà máa yọ̀, alùpùpù rẹ̀ sì yọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Òun nìkan la bí.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà kí n tó wọṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Inú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Pune sí Miraj ni mo ti ń ṣa lẹ́tà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, tí Vaiju bá fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi, lẹ́tà ló máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà méjìlélọ́gbọ̀n ló wà ní yàrá wa. Ìṣirò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń ṣe, ìṣirò òjò. Kò sí èyí tó lè dá a ṣe nínú wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ máa ránṣẹ́ síra wọn láìsinmi."

Àwọn olówó a máa ra wáyà pàtàkì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wáyà ọ́fíìsì lásán ni tiwọn, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní mítà lọ́jà. Vaiju ní wáyà náà kò lọ́ra. Inú kọ̀ǹpútà gan-an ni ìdádúró wà. Orí tábìlì kan sí òmíràn ni iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn ń gbà kọjá kí ó tó jáde. Ó wá kọ ètò kan tó ń mú iṣẹ́ fo gbogbo tábìlì náà, tó ń gbé e sínú wáyà tààrà.

"Ẹ ò ní lu òǹtẹ̀ sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá."

"Níbi iṣẹ́ tèmi, wọn ì bá ti lé ọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún náà, ó wọn bí ètò náà ṣe yára tó. Tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà àádọ́ta ọ̀kẹ́, iṣẹ́ tí ó máa ń gba àádọ́ta nínú rẹ̀ láti kọ̀ǹpútà kan dé èkejì ti di mẹ́fà. Ìwé ìròyìn gbé e. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta wàrà fún wa.

Lẹ́yìn ètùtù ọjọ́ kẹtàlá tí a máa ń ṣe fún òkú, Dókítà Mhaiskar, ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí wọn, wá kí wa. Ó ní àwọn yóò fi orúkọ Vaijayanti pe àwọn kọ̀ǹpútà náà, àlejò ńlá yóò wá láti Delhi, èmi ni n ó sì ṣí aṣọ lójú orúkọ náà. Ọjọ́ yẹn ni Indumati, ìyàwó mi, kọ́kọ́ jẹun yó.

Ní ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ náà ni Pingale dé, ọmọkùnrin tí tábìlì rẹ̀ kan ti Vaiju. Kò bọ́ bàtà, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kálọ."

Nínú yàrá wọn, ó tan kọ̀ǹpútà méjì. Nọ́ńbà ń jáde lójú ọ̀kan: mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà. Pingale na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa wáyà tó so méjèèjì pọ̀ yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Mẹ́fà, mẹ́fà.

"Ta wá ló ń jíṣẹ́ báyìí?"

"Ara rẹ̀ ló ń jẹ́ ẹ fún, Bàbá. Nígbà tí Vaiju ń dán an wò, ó gbàgbé láti darí apá kejì ètò náà sí kọ̀ǹpútà kejì. Ẹni tó ń ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á, inú ilé kan náà ni wọ́n wà. Iṣẹ́ náà ò jáde rí. Àná tí mò ń tún wáyà tò nítorí àlejò ni mo rí i."

"Tó bá jáde ńkọ́?"

"Mọ́kàndínlógún."

"Ṣé ìyẹn burú ni?"

"Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́fà."

Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá kọ "ó ti dé" sí lẹ́tà tí kò tíì gbéra, a kì í bá a jẹun. Ojú tì mí nítorí ọmọ mi. Lẹ́yìn náà ojú tún tì mí pé ojú lè máa tì mí nítorí ọmọ tó ti kú.

Mhaiskar wọlé. "Pingale, elétí ọfẹ, ẹlẹ́nu jíjò! Ta ló rán ọ?" Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Ta ni yóò fa wáyà yọ lójú àlejò? Tó bá yá, a ó rọra tún un ṣe."

"Ọ̀gá, àwọn ará Chennai, tí wọ́n ní ilé ìwádìí bíi tiwa, ti fẹ́ fi owó wáyà pàtàkì wọn ra wáyà lásán bíi tiwa nítorí mẹ́fà yẹn," Pingale ní.

"Wọ́n á gbádùn mọ́kàndínlógún."

Nílé, mo sọ ọ́ fún Indumati. Ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, kò gbójú sókè.

"Bàbá Vaiju, òtítọ́ yín yìí lẹ fi lé ẹ̀gbọ́n mi kúrò nílé yìí. Ṣé òkú ló tún kàn?"

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n fi òdòdó sí fọ́tò Vaiju lọ́rùn. Wọ́n pè mí. Mo di etí aṣọ náà mú, mi ò ṣí i.

"Nọ́ńbà tí ẹ gbọ́ kì í ṣe òótọ́," mo ní. "Ọmọ mi ṣe àṣìṣe. Iṣẹ́ náà ò jáde nílé. Mọ́kàndínlógún ni. Ẹ bá wa sọ fún àwọn ará Chennai."

Àlejò wo Mhaiskar, Mhaiskar wo bàtà ara rẹ̀. Ẹnìkan sọ lẹ́yìn pé, "Bàbá yìí mà ta ọmọ rẹ̀ o." Mo gbọ́ ọ. Wọ́n gbé tíì wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mu ún. Indumati ṣáájú mi wọ kẹ̀kẹ́ akérò, ó kọ ẹ̀yìn sí mi títí a fi délé. Tí wọ́n bá tún pè mí lónìí, ohun kan náà ni n ó sọ. Síbẹ̀, mi ò lè gba ojú ọ̀nà ilé ẹni tó ń ta wàrà fún wa mọ́.

Orúkọ náà kò jáde lábẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Pingale kó ẹrù Vaiju wá fún wa. Ohun tó kù nílẹ̀ nìwọ̀nyí:

Ṣálì òwú aláwọ̀ ewé, nítorí yàrá wọn máa ń tutù.
Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń tẹ ẹnu wáyà.
Ìdajì páálí ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣúgà pupa dì, èèrà ti wọ̀ ọ́.
Bàtà ilé kan tó fi ń rìn lábẹ́ tábìlì.
Ìyarun, pẹ̀lú irun lára.
Kọ̀ǹpútà méjìlélọ́gbọ̀n tí kò lórúkọ.
Ìyá rẹ̀, tí kì í dá mi lóhùn kọjá "oúnjẹ ti délẹ̀".